Kí Pátákó Iwájú Ọkọ̀ Má Ṣi Wá Lọ́nà

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Ajégúnlẹ̀. A gbé e síbí fún àwọn ọmọ ìlú tí kò ráyè wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn gúrúùpù yín.)

  

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi, mi ò sì ní lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Pátákó iná ni, èyí tó máa ń wà lókè iwájú ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì ńlá, tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí, títì ò dáa, iná ò sí, gọ́tà ti kún, pátákó lo rí sọ?" Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Kí n tó jókòó, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó wa ni, ọ̀rọ̀ ààbò wa ni, ọ̀rọ̀ orúkọ àdúgbò wa sì ni pẹ̀lú.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà náà. Ibùdókọ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀: Marina, National Theatre, Orílé, Sùúrù-Àlàbá, àti Mile 2. Ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń gbà kọjá. Ará Ajégúnlẹ̀ lè lọ wọ̀ ọ́ ní Sùúrù-Àlàbá tàbí ní Mile 2, ará Àpápá sì lè gba Orílé.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin inú Èkó kì í ṣe tòní. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti wà tó ń ti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè jẹ gómìnà, ó fẹ́ gbé Metroline kalẹ̀ fún wa, àmọ́ ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, owó Èkó sì wọlẹ̀. Ìgbà tó di 2010 ni iṣẹ́ Blue Line tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́tàlá kí èrò tó wọ̀ ọ́. Ohun tí a ti dúró dè tó báyìí, a gbọ́dọ̀ mójú tó o dáadáa nísinsìnyí tó ti dé, títí kan àwọn nǹkan kéékèèké ara rẹ̀.

Lónìí, ṣíṣi ọkọ̀ wọ̀ ní Blue Line kò fi bẹ́ẹ̀ le. Tí ọkọ̀ ò bá lọ sí Marina, Mile 2 ló ń lọ. Ẹni tó bá ṣìnà á kàn sọ̀ kalẹ̀, á sọdá sí òdìkejì. Àmọ́ iṣẹ́ ń lọ lórí ìpele kejì, láti Mile 2 dé Okokomaiko, kìlómítà 14 mìíràn. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá parí, ẹ fojú inú wo ìyá wa kan tó dúró ní Sùúrù-Àlàbá ní aago méje alẹ́. Ọkọ̀ dé, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ṣé Mile 2 ló ti máa yí padà ni, àbí ó ń lọ tààrà sí Okokomaiko? Káàkiri ayé, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ojú irin máa ń jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ kan yí padà láàárín ọ̀nà nígbà tí èrò bá pọ̀. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, pátákó iwájú ọkọ̀ nìkan ló máa sọ òótọ́ fún ìyá yẹn.

Red Line náà ń bẹ. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Agbado dé Òyìngbò. Ètò wà pé yóò dé Marina bó bá yá, kí òun àti Blue Line pàdé níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà àti ṣìnà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́lé ló ń sọ ibi tó fẹ́ kí fèrèsé wà; tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, owó mìíràn ni.

Ẹnu kọ̀ndọ́kítọ̀

Àwa tí a dàgbà sí Ajégúnlẹ̀, ẹnu kọ̀ndọ́kítọ̀ ni pátákó tiwa. "Wilmer! Boundary! Mile 2 wọlé, ṣéńjì ẹ dání o!" Mi ò ní bú wọn o, torí wọ́n ń gbìyànjú. Kọ̀ndọ́kítọ̀ dára ní ọ̀nà kan: o lè bi í léèrè. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àmọ́ ẹnu náà ló lè sọ fún ẹ láàárín ọ̀nà pé ọkọ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́, kí o bọ́ọ́lẹ̀. Ẹnu náà ni àwọn ẹni ibi tó ń ṣe "one chance" fi ń tan èèyàn wọ ọkọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ò sì gbọ́ràn ńkọ́? Kò sí bí kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣe lè pariwo tó tí adití á fi gbọ́.

Ọkọ̀ ojú irin ò ní kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn á ṣí, ìlẹ̀kùn á tì, ó ti lọ nìyẹn. Pátákó ló gbapò ẹnu. Tí pátákó bá wá ń purọ́, tàbí tó kú, ta ni kí èèyàn bi?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Mo wà ní ibùdókọ̀ kan nílùú Èkó yìí nígbà tí bọ́ọ̀sì ńlá kan dé. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín. Pátákó iná orí rẹ̀ ń sọ ibì kan. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ń sọ ibòmíì. Nígbà tí wọ́n bi dírẹ́bà, ibi kẹta ló dárúkọ! Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ti wọlé ní tirẹ̀. Pátákó lójú rẹ̀ rí, òun ló sì gbà gbọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ yà ní ibi tí kò rò ló tó lọgun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún san owó ọkọ̀ mìíràn padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: èrè ẹja mélòó ló bá ìyẹn lọ?

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá láti 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé àti ọkọ̀ èrò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní oṣù Kìíní 2024. Fún adití, pátákó tó mọ́lẹ̀ ni etí rẹ̀. Fún afọ́jú, ohùn tó ń dárúkọ ibùdókọ̀ ni ojú rẹ̀. A ò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ajégúnlẹ̀ wo?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ẹ wò ó, tí pátákó bá kọ "AJEGUNLE" gàdàgbà, Ajégúnlẹ̀ wo ló ń sọ? Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, ti Boundary, wà. Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú náà wà, lẹ́yìn Mile 12, bọ́ọ̀sì BRT sì ń dúró níbẹ̀. Àbúrò wa kan lè ti ilé dé, kó sọ̀ ní Ketu, kó rí "Ajegunle" lójú ọkọ̀, kó sì fò wọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tó bá rí afárá Májídun ni á tó pè wá pé òun ò rí Boundary o!

Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ nìkan. Àlàbá mélòó la ní? Àlàbá International wà ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Alaba Rago wà lọ́hùn-ún náà. Sùúrù-Àlàbá tí Blue Line ń dúró sí wà lọ́dọ̀ wa níbí, Alaba Oro náà wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun. Oníbàárà tó ń lọ ra fíríìjì lè sọ̀ ní Sùúrù-Àlàbá kó máa wá ọjà Àlàbá. Tí ọ̀nà bá dé Okokomaiko, èyí á tún le sí i, torí apá ibẹ̀ gan-an ni ọjà náà wà.

Berger ńkọ́? Ọ̀kan wà ní Òjódù, ibi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sílé. Òmíràn ni Berger-Suru, lọ́nà Àpápá, níbi tí àwọn tírélà ti máa ń tò. Orílé Igánmú wà, Orílé Àgége wà. Ẹni tó bá kọ "Orílé" lásán ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ ni pé kí orúkọ pé. "Sùúrù-Àlàbá (Ajégúnlẹ̀)". "Orílé Igánmú". Ọ̀rọ̀ kan péré tí wọ́n bá fi kún un á gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìrìn àṣedànù.

Orúkọ èèyàn lórí ibùdókọ̀ náà ń bẹ. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ àwọn èèyàn ńlá sọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ti Èbúté-Mẹ́ta di Mobọ́lájí Johnson, ti Abẹ́òkúta di Wọlé Ṣóyínká, ti Ìbàdàn di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti Àpápá wa níbí, Bọ́lá Ahmed Tinúbú ni. Ọlá yẹ àwọn tó ṣiṣẹ́ ìlú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta ni ojú rẹ̀ ń wá. Ẹ kọ orúkọ ìlú sí iwájú, ẹ kọ ti ọlọ́lá tẹ̀ lé e. Ní oṣù Keje 2024, wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣóyínká sọ National Theatre. Tí orúkọ bá yí padà báyìí, pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà kọ, àfi kí wọ́n há a dànù. Pátákó iná, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni, ó parí.

Bí pátákó náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí, kí a lè mọ ohun tí a ń béèrè. Láyé àtijọ́, aṣọ gígùn tí wọ́n kọ orúkọ sí ni wọ́n máa ń ká sínú àpótí lókè ọkọ̀, dírẹ́bà á máa yí i títí tí orúkọ tó fẹ́ á fi yọ. Bọ́ọ̀sì pupa London lo irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ní àwo róbótó kéékèèké dé, dúdú ní ẹ̀yìn kan, yẹ́lò ní ìkejì, tí wọ́n ń yí padà láti di lẹ́tà. Èyí tó gbòde báyìí ni ti gílóòbù LED. Gílóòbù wíńníwínní ni wọ́n tò ní ìlà-ìlà bí ẹ̀wà tí a tò sínú àwo. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń sọ èyí tó máa tàn àti èyí tó máa kú, ìyẹn ló ń di lẹ́tà.

Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, wàhálà ibẹ̀ nìyí. Tí ìlà ìsàlẹ̀ bá kú, E á di F, L á di I. Tí iná rẹ̀ ò bá le, oòrùn ọ̀sán Èkó á bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá sì le jù lálẹ́, á máa ta èèyàn lójú. Èyí tó dáa máa ń yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Tí orúkọ bá gùn, àwọn kan máa ń jẹ́ kó máa sáré kọjá lójú pátákó. Ọ̀dọ́ lè kà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí bàbá àgbà tó yọ gíláàsì ojú jáde, ó ti kọjá. Èyí tó sì burú jù: tí dírẹ́bà bá gbàgbé láti yí i padà nígbà tó dé òpin ọ̀nà, ọkọ̀ á kọjú sí Marina kó ṣì máa sọ "Mile 2". Èyí tó bóde mu máa ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ó sì ń yí padà fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà Yorùbá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ CRRC ti China ló ṣe àwọn ọkọ̀ Blue Line. Ti Red Line, ilé iṣẹ́ Talgo ló ṣe wọ́n ní Milwaukee fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, kí Èkó tó rà wọ́n. Kò sí nínú àwọn wọ̀nyẹn tó ronú kan ẹ, ọ àti ṣ tiwa, àfi tí a bá béèrè. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Lẹ́tà ńlá kan lè gba ìlà gílóòbù méje. Ẹ fi ìlà méjì sí i nísàlẹ̀ fún àmì abẹ́, ẹ fi méjì sí i lókè fún àmì ohùn, ó di mọ́kànlá. Pátákó tó ní ìlà mẹ́rìndínlógún á gbà á pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́kù. Èyí tó ní méje péré ò lè kọ "Ọ̀jọ́" kó pé láéláé. Ẹ ò rí i pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rà á ló yẹ ká sọ ọ́?

Ní ilẹ̀ Wales, ọkọ̀ ojú irin wọn ń fi èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì sọ ibi tó ń lọ, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní Addis Ababa, tí wọ́n ti ṣí ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ní 2015, ọ̀nà méjì jọ ń lo irin kan náà láàárín ìgboro. Wọ́n kun ọkọ̀ ọ̀nà kan ní àwọ̀ ewé, wọ́n kun ti ìkejì ní búlúù. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá á mọ tirẹ̀.

Mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ lẹ́yìn pé, "Gbogbo wa kọ́ ló mọ̀wé." Òótọ́ ni, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ àwọ̀, tí a fẹ́ nọ́ńbà, tí a sì fẹ́ ohùn. Ajégúnlẹ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ìgbò wà, Ìjọ̀ wà, Ùróbò wà, Ìlàjẹ wà, Ẹ̀gùn wà, Hausa wà. Kí ohùn inú ọkọ̀ sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin. Àmọ́ orúkọ àdúgbò, ọ̀kan náà ni lẹ́nu gbogbo wa. Tí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa, gbogbo wa ló jèrè.

Ohun tí a fẹ́ ṣe

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí LAMATA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun àti Àpápá. Ohun márùn-ún ló wà níbẹ̀:

1. Kí pátákó iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ máa sọ ohun kan náà, kí ó máa yí padà fúnra rẹ̀ ní òpin ọ̀nà.

2. Kí orúkọ ibùdókọ̀ pé, kí orúkọ àdúgbò ṣáájú orúkọ èèyàn.

3. Kí pátákó tuntun tí wọ́n bá máa rà fún ìpele kejì lè kọ lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ó má máa sáré.

4. Kí ohùn máa bá pátákó rìn, nítorí afọ́jú àti ẹni tí kò mọ̀wé.

5. Kí nọ́ńbà fóònù wà tí èrò lè fi ránṣẹ́ tí pátákó bá kú, kí wọ́n sì kéde iye ọjọ́ tí wọ́n á fi tún un ṣe.

Ẹ ó bi mí pé owó ńkọ́. Ọ̀kan nínú márùn-ún yìí, kíkọ orúkọ pé àti gbígbé orúkọ àdúgbò síwájú, ọ̀rọ̀ títẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí wọ́n tó rajà. Ọjà tí a ti rà tán ló ṣòro láti dá padà.

Ìṣẹ́ ti àwa náà ńkọ́? Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́: títí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì ńlá, kó ya àwòrán pátákó tó bá rí, kó kọ ọjọ́, aago àti ibùdókọ̀ sí i, kó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa. Tí fótò bá fi hàn pé ìdajì lẹ́tà ló tàn, ẹ má yára dá wọn lẹ́bi o. Gílóòbù LED máa ń ṣẹ́jú kíákíá tí ojú wa ò rí i, kámẹ́rà sì máa ń mú un nígbà tó bá ṣẹ́jú. Ẹ ya fídíò, tàbí kí ẹ kọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ̀rí tó dájú ni a fẹ́ gbé lọ síwájú ìjọba. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa kọ orúkọ àdúgbò wa sílẹ̀ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n pè, kí lẹ́tà wa má ṣi orúkọ kọ ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà jìnnà sí wa, wọn ò mọ Boundary, wọn ò mọ Wilmer. Àwa tó ń gbé ibẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Tí a bá dákẹ́, ohun tí wọ́n bá kọ la ó máa kà.

 Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ wa, á ṣọ́ àbọ̀ wa. Ajé á gúnlẹ̀ sílé oníkálukú wa o. Ire o.